Yanrìn Funfun Inú Ẹ́ńjìnnì Wa

Kánjúkánjú, ọ̀rẹ́ mi àtijọ́,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí orúnkún rẹ sì ti fúyẹ́. Èmi ò rí oorun sùn. Ikọ́ ìyàwó mi ò jẹ́ kí n sùn. Òrùlé tó ń jò ò jẹ́ kí n sùn. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ni yanrìn ìwọ̀n ṣíbí kan tó wà lórí tábìlì yàrá mi.

Nígbà tí o fi ẹ́ńjìnnì bàálù kékeré wa, èyí tí a jọ ń fi rìmóòtù darí, rán awakọ̀ sí mi, o ní, "Erùpẹ̀ ọjọ́ tí bàálù já lóko ni. Bá wa fọ̀ ọ́, ọwọ́ rẹ ló mọ̀ ọ́n." Mo gbà bẹ́ẹ̀. N kò yí i rárá, torí ẹni tó bá yí ẹ́ńjìnnì tí erùpẹ̀ wà nínú rẹ̀ ń fi yanrìn fọ eyín ni. Mo tú síkúrù orí rẹ̀, mo fi kẹrosíìnì ṣan inú rẹ̀, mo sì fi aṣọ dúdú sẹ́ kẹrosíìnì náà.

Ọ̀rẹ́ mi, ilẹ̀ pupa ni oko tí bàálù já sí. Bàtà mi ṣì pọ́n títí dòní. Yanrìn funfun, kíkúnná bí iyọ̀, ló kù nínú aṣọ. Mo fi han ìyàwó mi. Ó ní, "Arúgbó méjì ń fi bàálù ṣeré, ẹ tún ń yẹ yanrìn wò bí ọlọ́pàá!" Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Páìpù irin tí písítìnì ń gbà lọ gbà bọ̀ ti ha láti òkè délẹ̀, bí ẹni pé ológbò fi èékánná fà á. Písítìnì tó yẹ kó há díẹ̀ tó bá dókè ń yọ̀ lọ, ó ń yọ̀ bọ̀. Jíjá lásán kì í ṣe irú èyí. Ẹ́ńjìnnì tó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú yanrìn nínú ló ń rí bẹ́ẹ̀. Etí odò nìkan ni irú yanrìn funfun yẹn wà lọ́dọ̀ wa. Ta ló wá ń gbé e fò níbẹ̀? Àdéhùn wa ni pé kò sẹ́ni tó máa dá gbé e fò.

Ara ń fu mí sí Tíṣà onírùngbọ̀n, aládùúgbò rẹ, tó máa ń wo rìmóòtù wa bí ajá ti ń wo eegun. Ó sọ ọ́ lójú mi rí pé, "Bàbá, ọwọ́ yín ti ń gbọ̀n, ẹ jẹ́ ká gbà á lọ́wọ́ yín." O wà níbẹ̀. O kàn ń nu ìyẹ́ bàálù lọ. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Bó o bá ti fi í rọ́pò mi, sọ ọ́ fún mi lójúkojú.

Mo ti ra páìpù àti písítìnì tuntun. Ẹni tó tà á ní kí n mú ọ̀kan péré, mo kọ̀. Wọ́n jọ gbẹ́ wọn fún ara wọn ni. Ọ̀kan kì í bá ẹlòmíràn mu. Mo ti tò ó pa dà, ó sì há bó ṣe yẹ.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí wa sí, kó má jẹ̀ẹ́ kí ẹni kẹta là wá láàárín.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti orí bẹ́ǹṣì ilé-ìwé,
Baba Ìfòyà, bí o ti máa ń pè mí.

Àfikún: Má rán awakọ̀ wá gbà á. Èmi fúnra mi ni mo máa gbé e wá, kí n lè wo ojú rẹ kí n tó fà á lé ọ lọ́wọ́. Bó o bá fẹ́, ní kí Tíṣà náà wà níbẹ̀. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù yìí, ni mo máa gbéra.