Kékeré Ni Kó Kọ́kọ́ Sọ̀rọ̀

Bàbá mi àtàtà,

Orí àga yín nínú ilé wa ní àdúgbò Challenge ni mo jókòó sí kọ lẹ́tà yìí. Wọ́n ti fún mi ní ìlà kẹta. Mo ti di sájẹ́ǹtì bíi tiyín, Màámi sì ti gbé fọ́tò mi kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín. Ó yẹ kí inú mi dùn, àmọ́ kò dùn.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ ilé bá délẹ̀? Àbígbẹ̀yìn lẹ máa ń kọ́kọ́ bi. Màámi á máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ ti kó àṣà bárékè wọlé. Bẹ́ẹ̀ bí ẹ ṣe ń darí àwọn ọmọ ogun yín náà nìyẹn. Ẹ gbà pé bí ọ̀gá bá ti kọ́kọ́ fọhùn, irọ́ làwọn tó kù máa pa.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, Sùnmọ́nù, ọmọ ogun tó ń wa ọkọ̀ wa, sọ fún mi lójú gbogbo ẹgbẹ́ pé bíréèkì kì í mú bí ẹrù bá ti wọ ọkọ̀. Mo rò pé ó fẹ́ dójú tì mí ni. Mo ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí pápá ká nínú oòrùn, títí ó fi ṣubú. Sájẹ́ǹtì ẹgbẹ́ mi kan bọ̀ mí lọ́wọ́ pé mo ti di ọ̀gá. Ojú ń tì mí láti sọ fún yín pé ó dùn mọ́ mi.

Láti ìgbà náà, “Yẹ́ẹ̀sì sà” nìkan ni mò ń gbọ́ lẹ́nu wọn. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, n kò mọ èyí tí inú ń run.

Ìdájí ọ̀la la máa gbéra lọ sí òkè Ọya, èèyàn méjìlá pẹ̀lú àpótí ọta. Mẹkáníìkì ti yẹ ọkọ̀ náà wò, àmọ́ kò sí ẹrù nínú rẹ̀ nígbà tó wà á. Láàárọ̀ yìí, mo pe Sùnmọ́nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ òótọ́ fún mi. Ó nàró gbagidi, ó ní bíréèkì dára. Òógùn ń kán lójú rẹ̀. Bí mo bá ní kí ọkọ̀ náà má lọ, ọ̀gá wa á pe Sùnmọ́nù, ohun kan náà ló sì máa sọ.

Ṣé irú èyí ṣẹlẹ̀ sí yín rí? Báwo lẹ ṣe ń la ẹnu tí ẹ̀yin fúnra yín ti pa dé?

Sùnmọ́nù náà ló máa wa ọkọ̀ ọ̀hún, Bàbá. Ẹ̀rù mi ń bà á ju ikú lọ.

Èmi ni,
Ọmọ yín tí àárò yín ń sọ gan-an lónìí.