Láísẹ́ǹsì Bàbá Dárasími

Ẹ̀yin Màmá Adémọ́lá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àtàtà,

Ẹ kú òtútù Jọ́ọ̀sì o. Mo kí Bàbá Adémọ́lá àti àwọn ọmọ. L'Ósí níbí, iṣu tuntun ti jáde, ìbàdí mi ò sì dùn mí mọ́.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o: wọ́n ti gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ àbúrò yín, Bàbá Dárasími, nítorí ọtí! Ó ń fi bọ́ọ̀sì ìjọ gbé àwọn akọrin bọ̀ láti Koro ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní kó fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó mutí. Ó kọ̀. Ààwẹ̀ ló ń gbà, ó sì ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ohunkóhun ò ní kan ẹnu òun títí oòrùn á fi wọ̀. Wọ́n ní lójú òfin, ẹni tó bá kọ̀ ti mutí nìyẹn. Ọkùnrin tí kì í fẹnu kan ẹmu!

Ọ̀gá wọn ní kó wá ṣàlàyé, kó sì tọrọ gáfárà. Ó ní láéláé, òun ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọ̀kadà la wá ń gùn lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀yin nìkan lẹ lè bá a wí. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é, kí ẹ sọ fún un pé ààwẹ̀ ti tán: ẹnu tó ń fi gbé iyán mì láràárọ̀, kó fi bẹ̀bẹ̀.

Èmi ìyàwó yín,
Keziah