Ṣé Èéfín Tún Máa Ń Jóná?

Mówe, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú

Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi ìdí tí Màmá Àgbà fi máa ń ní kí n tún Sáàmù kan náà kà, èyí tó ní ẹni búburú yóò pòórá bí èéfín. Ojú wọn ò ríran mọ́, èmi ni mò ń ka Bíbélì fún wọn.

Sáàmù yẹn ti mọ́ mi lórí. Mo fẹ́ fi ibòmíràn kọ́ Yorùbá mi, ni mo bá ṣí ibi tí Jésù ti sọ̀rọ̀ ìyà àìnípẹ̀kun nínú iná, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Màmá gbọ́wọ́ lé ìwé náà.

"Dúró ná, Àdùkẹ́. Ṣé èéfín tún máa ń jóná ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá bàbá rẹ lù mí títí tó fi kú, gbogbo Ifọ̀ ló mọ̀. Kó pòórá, kí n sinmi. Àmọ́ kó máa jóná títí láé? Èmi ò bẹ ẹnikẹ́ni níyẹn."

Mo ní n ó bi pásítọ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ tó kàwé lókè òkun ni mò ń bi."

Mo ti wo ibi méjèèjì ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọn ò bára mu níbẹ̀ náà. Nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi tí mo fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tí mo lè bi.

Ìwé ìrántí mi, ìwọ nìkan ló kù. Bó bá jẹ́ ìwọ ni, èwo ni wàá kà fún wọn lọ́la?