Àyà Ọmọ Rọ́bà Tí Kò Gbéra

                                        Yàrá Kejì, Ilé Àwọn Nọ́ọ̀sì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn.
                                        Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Eyínfúnjowó ọ̀rẹ́ mi,

"Ìwọ tí o fi ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta! Aṣọ ìbùsùn ni wọ́n ní kí o máa fọ̀ níbí, wọn ò ní kí o wá kọ́ mi níṣẹ́! Bí o bá tún la ẹnu yẹn, wàá kẹ́rù ẹ padà sọ́dọ̀ bàbá ẹ!"

Àǹtí mi, ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì níbí tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo yẹn lé mi lórí, ó sì gbá ilẹ̀kùn. Má bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè é ní "wọ́n". Kò sí "wọ́n" lọ́wọ́ mi lónìí. Mi ò tiẹ̀ tíì kí ẹ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ẹsẹ̀ tó ń dun màmá yín ńkọ́? Àwọn ìbejì, ṣé wọ́n ṣì ń jà? Ara tèmi le, inú ni ò dáa.

Ṣé o rántí pé wọ́n ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ibí bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀mí ọmọ tuntun tí kò ké? Ọmọ rọ́bà ni wọ́n fi kọ́ wọn. Wọ́n á nù ún gbẹ, wọ́n á fọwọ́ ra á lẹ́yìn. Bí kò bá mí, wọ́n á fi ìbòmú bò ó nímú àti lẹ́nu, wọ́n á máa tẹ báàgì tó wà lórí ẹ̀ kí atẹ́gùn wọlé. Bí ìbòmú bá jókòó dáadáa, àyà ọmọ rọ́bà á gbéra. Bí kò bá jókòó, àyà á kàn wà bíi pátákó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà obìnrin tó kọ́ wọn wá dán wọn wò. Ẹni tó yẹ kó ràn án lọ́wọ́ kò wá, ló bá bi mí bóyá mo lè kàwé. Mo ní díẹ̀díẹ̀. Ó gbé bébà àti bírò fún mi, ó ní kí n jókòó síbi tí mo ti lè rí àyà ọmọ rọ́bà, torí ẹ̀yìn àwọn nọ́ọ̀sì ni òun ń rí. Bí àyà bá gbéra, kí n fa máàkì. Ìyókù, òun á fún wọn ní máàkì bó bá ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu wọn.

Gbọ́ ìranù! Ẹni tó bá ń sọ ohun tó ń ṣe ló ń gba máàkì. Ìyá agbẹ̀bí àgbà tí à ń pè ní Màmá Jẹ́ẹ́, torí wọn kì í sọ̀rọ̀, ló kọ́kọ́ ṣe é. Àyà ọmọ rọ́bà ń lọ sókè sódò bí ẹni tó ń sùn. Dókítà ní, "Màmá, ẹ máa sọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe."

Wọ́n ní, "Ta ni kí n máa sọ ọ́ fún? Ọmọ rọ́bà?"

A rẹ́rìn-ín títí. Màmá Jẹ́ẹ́ féèlì. Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí, káàdì ni wọ́n á máa kọ lẹ́nu ọ̀nà.

Àǹtí ní tiẹ̀ ń ké bí ẹni ń polówó ọjà: "Mo ti nù ún gbẹ! Mo ń fún un látẹ́gùn! Àyà ti gbéra!" Àyà ò gbéra o. Mò ń wò ó. Ó ṣẹ́jú sí mi. Mo fa máàkì. Ó gba ipò kìíní, wọ́n sì ní láti ọjọ́ Ajé, òun nìkan ni yóò máa wà ní yàrá ìbímọ lọ́sàn-án.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá. Tèmi ò tó ọjọ́ mẹ́wàá. Láàárọ̀ yìí, mò ń kó aṣọ ìbùsùn ní yàrá ìbímọ nígbà tí obìnrin kan bímọ. Ọmọ ò ké. Ara ẹ̀ rọ jọ̀bọ̀tọ̀. Àǹtí gbé ìbòmú, ó bẹ̀rẹ̀: "Mo ti nù ún gbẹ." Kò nù ún! Omi ṣì ń kán lára ọmọ. "Mo ń fún un látẹ́gùn." Atẹ́gùn ń sá gba ẹ̀gbẹ́ ìbòmú jáde, fììì, mò ń gbọ́ ọ. Ìyá ọmọ ń bèèrè pé, "Nọ́ọ̀sì, kí ló dé tí kò ké?" Àǹtí ní àyà ti gbéra.

Màmá Jẹ́ẹ́ sáré wọlé, wọ́n fi ìdí tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n nu ọmọ, wọ́n gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀, wọ́n tẹ ìbòmú mọ́ ọn, wọ́n tẹ báàgì. Àyà kékeré yẹn gbéra. Nígbà tí ọmọ ké, mo ki orí bọ inú aṣọ ìbùsùn, mo sunkún.

A délé, mo kàn ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká sọ fún dókítà kó tún kọ́ yín." Ariwo tí mo kọ sí ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí ni ìdáhùn tí mo gbà.

Inú ń bí mi sí Àǹtí. Inú ń bí mi sí dókítà tó ń fi etí wo iṣẹ́ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ta ló fa máàkì? Èmi ni. Bí ọmọ yẹn bá kú, bírò mi wà níbẹ̀.

Bá mi kí màmá yín, kí o sì bá mi la ìjà àwọn ìbejì.

Lọ́jọ́ Ajé, kí dókítà tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí Àǹtí, màá lọ bá a. Màá fi máàkì tí mo fà hàn án, màá ní irọ́ ni. Màá ní kó gbé ọmọ rọ́bà sórí tábìlì, kí Àǹtí àti Màmá Jẹ́ẹ́ tún un ṣe, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Bí Àǹtí bá lé mi, ó lé mi. Mi ò ní sọ fún ẹnì kankan, torí wọ́n á pàrọwà fún mi, ẹ̀rù á sì bà mí. Ìwọ náà, ó di ìgbà tí mo bá ti ṣe é tán kí n tó fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ẹ.

                                        Tìrẹ ni mí, bí inú bá bí mi, bí inú mi bá dùn,
                                        Agídí.