Ìdí Tí Mo Fi Ń Bú Ọkọ Mi Láràárọ̀

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Òpópónà Ọjà,
                                        Aládé-Ìdànrè.
                                        22 Oṣù Kọkànlá, 1981.

Túnráyọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí o máa ń pariwo lé lórí ní Àkúrẹ́ ńkọ́? Ara gbogbo wa le níbí.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní Hannah tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló sọ fún ọ pé ojoojúmọ́ ni mò ń bú Bàbá Sàní, pé kí o tètè wá là wá níjà kí n tó kó ẹrù mi jáde. Òótọ́ ni Hannah sọ. Mò ń bú u, mo sì ń bú u dáadáa. Fara balẹ̀ kí o gbọ́ ìdí rẹ̀.

Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ ni mo fipá mú un lọ sí ọsibítù ní Àkúrẹ́ nítorí orí tó ń fọ́ ọ. Dókítà so rọ́bà mọ́ ọn lápá, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ohun tó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Búrẹ́mọ̀ náà nìyẹn: inú oko kòkó ló ṣubú sí, apá kan, ẹsẹ̀ kan kú, kò sì pẹ́ tí òun náà fi tẹ̀lé wọn. Ẹ̀rù bà mí, Túnráyọ̀. Mi ò fẹ́ di opó. Aṣọ opó ò tiẹ̀ yẹ mí.

Oògùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fún un, ìtọ̀ ló ń fà. Bẹ́ẹ̀ ọkọ mi ni ládàánì, òun ló ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí wa. Bó bá ṣe àlùwàlá tán, ìtọ̀ á gbọ̀n ọ́n; á lọ tọ̀, á tún àlùwàlá ṣe, kó tó dé ìdí gbohùngbohùn, òmíràn ti dé. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó dá ìpè dúró láàárín, ó sáré bọ́ sẹ́yìn ilé, Lẹ́mọ́ọ̀mù ló bá a parí rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ sọ ọ́ ní Ládàánì Omi Ẹ̀rọ. Ló bá da oògùn náà sí ṣáláńgá.

A padà lọ bá dókítà. Kò bínú, ó fún un ní òmíràn, ọ̀kan láràárọ̀. Èyí bá a lára mu, kò fa ìtọ̀, kò fa oorun. Mo dúpẹ́. Àṣé mi ò tíì mọ irú ẹni tí mo fẹ́.

Oògùn ò dín nínú ìgò. Mo bi í, ó ní òun ń lò ó bó ṣe yẹ: ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ní kí òun lò ó fún, ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò bá sì bí òun nínú, ẹ̀jẹ̀ òun kì í ru, kí ni òun á wá máa fi oògùn ṣòfò sí? Nọ́ọ̀sì Agatha tó ń bá dókítà ṣiṣẹ́ ṣàlàyé títí pé ẹ̀jẹ̀ lè máa ru lára ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Ó kọ etí ikún sí i. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ta ni, ti òun ni àbí ti nọ́ọ̀sì?

Mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún, kò gbọ́. Mo ní ó dáa, bó bá jẹ́ ìbínú ló ń dúró dè, ó ti délé rẹ̀. Bó ṣe ti ìrun àsùbáà dé lọ́jọ́ kejì, mo sọ fún un pé ìpè rẹ̀ dà bí igbe ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Rísíkàt, ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ru o." Ó kiwọ́ bọ àpò, ó gbé oògùn mì. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ronú èébú tuntun kí n tó sùn. Lọ́jọ́ tí mo ní kòkó rẹ̀ kì í gbẹ kó tó gbé e lọ tà, díẹ̀ ló kù kó gbé méjì mì.

Nígbà tí a tún dé Àkúrẹ́, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀, ó kí i pé ó ń lo oògùn déédéé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ibà dá mi dùbúlẹ̀, mi ò lè la ẹnu. Bàbá Sàní ti mọ́ṣáláṣí dé, ó bu omi sínú ife, ó wá jókòó sí etí ibùsùn mi, oògùn wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó jókòó títí. Ó wá ní, "Ìyá Sàní, o ò tíì bú mi lónìí. Ṣé o fẹ́ kí n kú ni?"

Omi bọ́ lójú mi. Mo rọra ní àgbàyà ni.

Ó ní ìyẹn náà tó, ó sì gbé oògùn rẹ̀ mì.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Bàbá Sàní ní kí n kí ọ. Bí o bá rí Hannah, má sọ ìdí ọ̀rọ̀ fún un o, jẹ́ kó máa gbádùn ìjà wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Tìrẹ náà ni mo ṣì jẹ́,
Rísíkàt.