Bí Ìyá Ṣeun Bá Wá Bá Màmá Gbàdúrà

Bàbá Ànú,

Mo ti lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ní Ìyànà Ọ̀fà. Ẹ̀kọ àti ẹ̀wà Màmá wà lórí tábìlì. Kí wọ́n jẹun tán kí ẹ tó fún wọn ní oògùn.

Òyì kọ́ wọn láàárọ̀ yìí, díẹ̀ ló kù kí wọ́n ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Omi ṣúgà ni mo fún wọn kí ojú wọn tó wálẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n jẹ́wọ́ pé àwọn ti bù nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn fún Ìyá Ṣeun, àwọn sì gba oògùn ìtọ̀ ṣúgà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn lò ó mọ́ tàwọn. Ìyá Ṣeun ló jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé oògùn tòun ń mú ẹsẹ̀ fúyẹ́.

Wọ́n ní, "Ìyàwó, fífúnni ní ìbùkún ju gbígbà lọ."

Mo ní, "Òótọ́ ni, mà, ṣùgbọ́n ẹ gbà pẹ̀lú."

Ẹ̀yin lọmọ, ẹ bá wọn sọ ọ́.

Oògùn wà nínú àpótí mi, kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ ìwé orin. Ẹ dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi gbé e mì. Bí òyì náà bá padà, nọ́ọ̀sì tí mo pè láàárọ̀ ní kí ẹ pe òun kíá.

Bí Ìyá Ṣeun bá dé, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ jókòó sáàárín àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dijú kí àwọn gbàdúrà, ẹ ṣe àmín, ṣùgbọ́n ẹ má dijú. Olúwa fúnra rẹ̀ ní ká máa ṣọ́nà kó tó ní ká máa gbàdúrà.

Ìyá Ànú