Àna Mi Láti Ilẹ̀ Olódò

Ọjọ́ Ẹtì, 22 oṣù Ẹrẹ́nà

Àna dé. Ìyá Yudelkis, ìyàwó Kirwin ọmọ mi. Eduvigis Willmore lorúkọ wọn, láti Samaná ní ilẹ̀ Dominika. Wọ́n wá dúró de ìkókó. Oṣù tó ń bọ̀ ni dókítà pè é.

Mo ti múra pé ọwọ́ la ó máa fi júwe ọ̀rọ̀ síra wa bí odi. Rárá o. Gẹ̀ẹ́sì ló jáde lẹ́nu wọn, Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ bíi ti ìyá ìyá mi. Wọ́n ní àwọn baba ńlá àwọn tó bọ́ lóko ẹrú ní Amẹ́ríkà ló gbé e wọ Samaná, wọ́n sì fi sílẹ̀ fún àwọn pẹ̀lú orin ìjọ Mẹ́tọ́díìsì.

Láti pápákọ̀ òfurufú dé ilé, òrùlé ni wọ́n ń wò. "Ta ló da ìyẹ̀fun sórí ilé yín?" Mo ní ẹfun ni, kí òjò lè mọ́ kó tó ṣàn wọ táńkì abẹ́ ilé. Wọ́n ní, "Odò yín ńkọ́?" A ò ní odò. "Bí kò tiẹ̀ tóbi náà." A ò ní rárá, àna mi, kò sí ẹyọ kan ní gbogbo Bẹ̀múdà. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ará ibí mà mọ àwàdà ṣe."

Mo ti sọ wọ́n lórúkọ nínú ìwé yìí: Olódò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23

Olódò wẹ̀. Pọ́ǹpù tó ń fa omi láti táńkì ń ké, ó ń ké. Ó sì ti pẹ́ tí òjò ti rọ̀ kẹ́yìn. Mo mú un mọ́ra — àlejò ni.

Ọjọ́ Àìkú, 24

Kirwin ló ṣí ìdérí táńkì fún wọn lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n yọjú wò ó, wọ́n rí ojú ara wọn nísàlẹ̀. "Gbogbo ohun tí ẹ̀ ń mu, orí ilé ló kọ́kọ́ bọ́ sí?" Bẹ́ẹ̀ ni. "Gbogbo ìlú? Láti ayé àwọn baba yín?" Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn eékún. Wọ́n ní, "Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ń pọnmi fún un yín."

Àtikékeré ni mo ti ń mu omi yìí, mo sì ti di arúgbó sí i. Ẹnikẹ́ni ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Mo lọ bu ife kan, mo jókòó tì í.

Wọ́n ní láti òní, omi abọ́ kan ni àwọn ó máa fi wẹ̀. Àánú wọn tún ń ṣe mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26

Mo mú Olódò lọ ra oúnjẹ. Wọ́n gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan, wọ́n wo iye rẹ̀, wọ́n rọra dá a padà bí ẹni tó ṣèèṣì gbé ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ló ń hù sí lọ́dọ̀ wọn, kò sẹ́ni tó ń rà á. Ẹyin, bẹ́ẹ̀. Àgbọn, bẹ́ẹ̀. A padà délé.

Ìgbà tí mo ń wọ bàtà láti tún jáde ni wọ́n béèrè ibi tí mò ń lọ. Iṣẹ́ kejì ni. Láàárọ̀, ilé ìdáná ilé ìwé; lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, mò ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì àwọn olókòòwò ní Hamilton, olú ìlú wa. "Ẹ̀yin? Pẹ̀lú ewú yìí? Ní Samaná, wọ́n ní ará Bẹ̀múdà kì í làágùn." Mo ní Bẹ̀múdà ló lówó, àna mi, kì í ṣe gbogbo ará Bẹ̀múdà.

Wọ́n wò mí lọ títí mo fi yà ní kọ̀rọ̀. Ojú ìyanu ni. N kò mọ̀ bóyá kí n yangàn tàbí kí n tijú.

Ọjọ́bọ̀, 28

A jókòó níwájú ilé. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló kí wa — ìwà wa nìyẹn, ẹni tí kò kíni níbí kò lẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn wákàtí kan, Olódò ní, "Ìkíni yín dùn. Kò ṣáà lẹ́sẹ̀ ni. Kì í wọlé." Lọ́dọ̀ wọn, bí oòrùn bá ti rọ̀, àga á jáde síta. Ẹni tó bá sè máa bù fún ẹni tí kò sè. Ó dùn mí díẹ̀. Mo rántí pé ọdún mélòó kan ti kọjá tí n kò wọ ilé aládùúgbò mi.

Ọkọ̀ aláìsàn kọjá, ó ń pariwo. Wọ́n béèrè bóyá mínísítà kan ló wà nínú rẹ̀. Mo ní rárá, bàbá apẹja kan tó ṣubú ní èbúté ni. Wọ́n wo ọ̀nà náà títí. Wọ́n wá sọ bí ọkọ wọn ṣe kú. Alùpùpù ni wọ́n fi gbé e lọ ilé ìwòsàn, ẹni tó ń wa alùpùpù níwájú, àbúrò rẹ̀ tó gbá a mú lẹ́yìn, ọkọ wọn láàárín, ọ̀nà òkè, òkúta. "Ìgbà tí mo lé wọn débẹ̀, ó ṣì jókòó ṣánṣán. Kò tiẹ̀ wu ẹnikẹ́ni láti sọ ọ́ fún mi."

Mo gbé àga mi sún mọ́ tiwọn.

Ọjọ́ Ẹtì, 29

Lókúàtì, èso kékeré pupa rúsúrúsú ilẹ̀ wa, ti pọ́n. Olódò já ti aládùúgbò láìtọrọ, wọ́n tún fi ẹ̀kúnwọ́ kan fún onítọ̀hún nígbà tó jáde síta. Ọkùnrin náà dúpẹ́. Igi tirẹ̀!

A ń bó èso náà jẹ. Wọ́n ní, "Yàrá tí Kirwin ń kọ́ sẹ́yìn ilé wa ní Samaná, ẹ ó fẹ́ràn rẹ̀. Iwájú rẹ̀ ni ọmọ á ti máa ṣeré."

Yàrá wo?

Wọ́n rí ojú mi. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30

Òótọ́ ni. Kirwin ò purọ́ nígbà tí mo bi í. Gbogbo ìgbà tó ní òun lọ kí àwọn àna òun, bíríkì ló ń tò. Bí ìkókó bá ti lágbára, wọn ó kó lọ.

Mo ní ṣé ìlú tí wọ́n ti fi alùpùpù gbé òkú ni wọn ó gbé ọmọ mi lọ? Ó ní, "Màmá, ilé yín kò gbà wá; yàrá kan la há sí lábẹ́ ilé onílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín láti ìgbà tí a ti ṣègbéyàwó. Bí mo bá pẹja títí irun mi fi funfun, n kò lè ra ilẹ̀ tí mo lè tẹ́ ẹní sí níbí. Ẹ wo ara yín. Iṣẹ́ méjì, ẹ̀yìn ń dùn yín. Ṣé bó ṣe máa rí fún èmi náà nìyẹn?"

Inú bí mi nítorí òótọ́ ló sọ. Mo bá kọjú sí Olódò. Mo ní, "Ẹ kò wá kí wa. Ẹ wá kó mi lọ́mọ ni. Ọ̀kan ṣoṣo tí mo bí."

Wọn ò gbé ohùn sókè. Wọ́n ní, "Ọmọbìnrin mẹ́ta ni mo bí. Ọ̀kan ń tọ́jú arúgbó ní Sípéènì. Ọ̀kan ń fọ irun fún wọn ní Puẹto Ríkò. Ìkẹta wà lábẹ́ ilé onílé lọ́dọ̀ yín níbí. Àna mi, ta ló kọ́kọ́ kó ọmọ ta?"

Yudelkis wà lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ níkùn. Ó wò wá, ó wọlé padà.

Ọjọ́ Àìkú, 31

A jọ lọ ṣọ́ọ̀ṣì. A ò jọ bọ̀.

Ọjọ́rú, 3 oṣù Igbe

Òjò ò rọ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6

Kirwin ní ó ti rẹ òun láti máa jẹun láàárín ìyá méjì tó ń fajúro síra wọn. Ó ní kí àwa méjèèjì bọ́ sínú ọkọ̀ ẹja òun. Yudelkis dúró nílé, ikùn ti wúwo. A jáde kọjá ẹnu ilẹ̀ St. David, òkun tẹ́ bí awo. Olódò níwájú, èmi lẹ́yìn.

Mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí n tó rí i. Èémí. Bí ẹni pé ilé ńlá kan mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀yìn rẹ̀ yọ lójú omi, dúdú, ó ń yọ, ó ń yọ, kò tán. Àbùùbùtán. Kirwin pa ẹ́ńjìnnì. Ọmọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ — ọmọ ọ̀hún gùn tó ọkọ̀ wa. Ó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀yìn ìyá, ìyá náà rọra gbé e sókè kó lè mí.

Olódò dìde dúró. Mo ní wọn ó ṣubú, wọn ò gbọ́. Omi ń dà lójú wọn. "Ará ilé wa nìyí." Wọ́n ní lọ́dọọdún, bí Kérésì bá ti kọjá, òkun Samaná ni àbùùbùtán ń wá bímọ sí, bàbá àwọn a gbé àwọn lé èjìká kí àwọn lè rí wọn. Bó bá tó àkókò kan, àwọn àbùùbùtán a dàwátì. "Láti ìgbà ọmọdé mi, n kò mọ ibi tí wọ́n ń lọ."

Èmi, láti ìgbà ọmọdé mi, mò ń rí wọn tí wọ́n ń kọjá lẹ́yìn ilé wa. N kò bi ara mi léèrè rí pé ibo ni wọ́n ti ń bọ̀.

Bàbá bàbá mi wà lára àwọn tó fi ọ̀kọ̀ pa wọ́n ní etí òkun yìí. Mo sọ ọ́ fún Olódò, n kò mọ ìdí. Wọ́n ní, "Ebi ni." Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀.

Kirwin ní, "Ẹ wò wọ́n. Wọn ò gba ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni." Olódò rẹ́rìn-ín nínú ẹkún.

Ìyá náà wá yí ẹ̀gbẹ́. Ojú kan. Ó wò wá. N kò lè kọ ohun tó wà nínú ojú yẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó rí wa, kò sì kánjú. Ìgbà tó rì tán ni mo rí i pé ọwọ́ mi wà nínú ọwọ́ Olódò. Ta ló kọ́kọ́ na ọwọ́, n kò mọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 8

A ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ewúrẹ́ àwọn ní ilẹ̀ ju Kirwin lọ. Mo ní iná mànàmáná tiwa kì í sá lọ ìsinmi. Yudelkis ní kí á jẹ́ kí òun sùn.

Ọjọ́rú, 17

Olódò ń di irun fún Yudelkis lọ́wọ́ láàárọ̀ ni omi inú rẹ̀ já. Ọkọ̀ aláìsàn gbé wa la erékùṣù já. Obìnrin ló bí, ohùn rẹ̀ le. A ń yọ̀ lọ́wọ́ ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára Yudelkis. Kò dá. Àwọn nọ́ọ̀sì sáré wọlé, wọ́n tì wá síta. Ọmọ wà lọ́wọ́ mi. Kirwin kọjú sí ògiri. Olódò kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù.

Ó pẹ́ kí dókítà tó jáde. Ó ní ó ti dá. Ó ní wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára.

Olódò ní, "Ẹ̀jẹ̀ ta?" Nọ́ọ̀sì ní ti àwọn ará ìlú. Àwọn ló ń wá fúnra wọn, wọ́n ń fà á sílẹ̀ de ẹni tó bá nílò rẹ̀. Olódò ní, "Fún ẹni tí wọn ò mọ̀?" Bẹ́ẹ̀ ni. "Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wọ́n?" Rárá. Wọ́n ní lọ́dọ̀ àwọn, àwọn ni ìbá máa sáré wá mọ̀lẹ́bí tí wọn ó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, láti ojúlé dé ojúlé, ẹ̀jẹ̀ ọmọ àwọn a sì máa ṣàn lọ. Wọ́n fẹ́ mọ orúkọ àwọn tó fún un lẹ́jẹ̀, kí àwọn lọ dúpẹ́. Nọ́ọ̀sì ní kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Wọ́n jókòó tì mí. "Ẹ̀yin tí ẹ kì í wọlé ara yín," wọ́n ní, jẹ́jẹ́. Bí ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ Ẹtì Rere, 19

Òjò rọ̀ ní òwúrọ̀, díẹ̀. Ọ̀sán mọ́, káìtì onípépà tí a máa ń fi okùn fò lọ́jọ́ yìí kún ojú ọ̀run. Mo din àkàrà ẹja. Olódò se ẹ̀wà aládùn tiwọn, tí wọ́n fi wàrà àgbọn sè. A gbé e lọ fún Yudelkis ní ilé ìwòsàn, a gbé ìyókù fún àwọn aládùúgbò. Èmi ni mo kan ilẹ̀kùn. Wọ́n rò pé nǹkan ṣe mí ni.

Ní ìrọ̀lẹ́, Olódò pe Kirwin. Wọ́n ní kó dúró síbí pẹ̀lú aya àti ọmọ. Ká ní Las Galeras, abúlé àwọn, ni ẹ̀jẹ̀ yẹn ti dà, òkú méjì ni àwọn ìbá ti gbé jókòó lórí alùpùpù láyé àwọn. Mo ní rárá, kí wọ́n máa lọ. Kí ọmọ rí odò, kó rí ẹni tí yóò jókòó tì. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní mo wá kó yín lọ́mọ?" Mo ní, "Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní abẹ́ ilé onílé ni ọmọ yín wà?" A jà á bí ìjà àkọ́kọ́. Kirwin wò wá títí, ó jáde lọ wo káìtì.

Ọjọ́ Ajé, 22

Yudelkis ti délé. Zenaida lorúkọ ọmọ. A tún bẹ̀rẹ̀ ìjà wa, Yudelkis náà sì sọ̀rọ̀. "Màmá méjèèjì, ẹ ò tíì bi mí léèrè." Ó ní òun ò lọ. Ẹ̀rù ọjọ́ yẹn ṣì wà lára òun, òun sì fẹ́ bí òmíràn lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Yàrá kan ni, mo mọ̀. A ó há sí i." Ó ń wo ìyá rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Olódò mi orí. Wọ́n ní ó dáa, ó dáa, wọ́n sì lọ ń ká aṣọ tí wọ́n ti ká tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 oṣù Èbìbí

Olódò lọ lónìí.

Ní pápákọ̀, wọ́n gbé Zenaida lé mi lọ́wọ́. Wọ́n tún fìlà rẹ̀ ṣe, wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n ní, "Ẹ máa wọlé ara yín o." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n wọlé sọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè pẹ̀lú àpò kan, obìnrin tó bí mẹ́ta, tó ń padà lọ bá ilé òfìfo. Ẹ̀yìn wọn gún. Ẹkún mi ò tiẹ̀ jẹ́ kí n juwọ́.

Ohun tí mo gbàdúrà fún ni mo gbà. Ó wà láyà mi, ó ń mí. N kò mọ̀ pé bó ṣe máa wúwo tó nìyẹn.

Mo délé, mo bá Kirwin níwájú ilé, ó ń tú okùn ẹja. Mo ní, "Lọ parí yàrá yẹn." Ó wò mí. Ó ní, "Fún ta? Yudelkis ti ní òun ò lọ." Mo ní fún mi, kí n lè máa lọ jókòó ti àna mi.

Ẹnu mi ló kọ́kọ́ mọ̀, kí n tó mọ̀. N kò kúrò ní erékùṣù yìí rí.

Ó gbé okùn sílẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, kò jiyàn. Ó bi mí ibo ni mo fẹ́ kí fèrèsé kọjú sí.